Họ́mọ̀nù Jíṣẹ́, Ta Ló Gbọ́?

 Ṣé ẹ ti rí èsì àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n kọ "ER+" sí rí? Ìtàn lẹ́tà méjì yẹn la fẹ́ sọ lónìí. E ni ẹ́sítírójìn, R ni risẹ́pítọ̀, ìyẹn olùgbà.

Láàárín ọdún 1950 sí 1960, bí jẹjẹrẹ ọmú bá ti tàn ká ara, àwọn dókítà a máa gé ẹ̀yà ara tó ń pèsè ẹ́sítírójìn kúrò, bí ilé ẹyin. Nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta àwọn obìnrin náà ló ń rí ìtura. Àwọn yòókù jẹ ìyà ọ̀bẹ lásán. Kò sẹ́ni tó lè sọ tẹ́lẹ̀ pé ta ni yóò ṣe láǹfààní.

Ní Yunifásítì Chicago, Elwood Jensen bi ara rẹ̀ pé: ibo gan-an ni họ́mọ̀nù yìí ń lọ? Òun àti Herbert Jacobson fi tritium sàmì sí ẹ́sítírójìn kí wọ́n lè tọpa rẹ̀, wọ́n sì fún àwọn ọmọ eku ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ rò pé ara ń yí họ́mọ̀nù náà padà kó tó ṣiṣẹ́. Rárá o! Ó dúró sínú ilé ọmọ láìyípadà. Nǹkan kan ló dì í mú níbẹ̀. Ọdún 1958 ni Jensen ròyìn èyí ní Vienna.

Purotéènì ni olùgbà yìí. Bí ẹ́sítírójìn bá wọ inú rẹ̀, méjì á so pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìka méjì tí síńkì mú dúró, wọ́n á fi wá àwọn lẹ́tà bí AGGTCA lára DNA, wọ́n á dì í mú, jíìnì tó wà nítòsí á sì jí.

Ní 1987, Stephen Green àti Pierre Chambon ní ilẹ̀ Faransé fi ìka olùgbà họ́mọ̀nù mìíràn rọ́pò ti ẹ́sítírójìn. Ẹ́sítírójìn wá ń jí jíìnì tí kì í ṣe tirẹ̀! Ìka yẹn ló mọ ọ̀nà.

Àǹfààní rẹ̀ ńkọ́? Jensen fi hàn pé bí kò bá sí olùgbà nínú jẹjẹrẹ náà, iṣẹ́ abẹ yẹn kì í sábà ṣèrànwọ́. Bó bá wà, oògùn tamoxifen lè jókòó sáyè ẹ́sítírójìn. Nítorí náà, bí wọ́n bá ṣàyẹ̀wò fún ẹni yín, ẹ béèrè ER. Bí kò bá sí, ìtọ́jú mìíràn wà.

Ó dìgbà kan ná.