Aáwọ̀ Òbí àti Ilé-Ìwé lórí Ẹ̀kọ́ Àwọn Akàndá Ẹ̀dá: Àyẹ̀wò Ìtàn láti Onitsha

Ìfáárà
Ìtàn ilé-ìwé ní Onitsha kan àwa Yorùbá náà, nítorí Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà lára àwọn tó dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1857 ni òun àti J. C. Taylor, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, gúnlẹ̀ sí ìlú náà, tí Obi Akazua sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tí a ó yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí agbára lórí ilé-ìwé ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn láti ìgbà náà, àti ibi tí òbí lè gbé ẹjọ́ lọ bí ilé-ìwé bá kọ ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ akàndá ẹ̀dá.

Láti ọwọ́ ìjọ sí ọwọ́ ìjọba
Fún ohun tó lé ní 100 ọdún, ìjọ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé-ìwé ibẹ̀. Oore ni gbígba ọmọ jẹ́, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Òbí tí wọ́n bá dá ọmọ rẹ̀ padà kò ní ju kó lọ bẹ alábòójútó lọ. Bákan náà ló rí nílẹ̀ Yorùbá. Andrew Foster, ará Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Ìjọ Kátólíìkì sì dá Pacelli sílẹ̀ fún àwọn afọ́jú ní Èkó ní 1962.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, òfin ọdún 1970 ti ìjọba Ukpabi Asika gba ilé-ìwé lọ́wọ́ ìjọ ní East Central State, níbi tí Onitsha wà nígbà náà. Ní 1977, Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-Èdè ya abala kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe. Ṣùgbọ́n ìlànà kì í ṣe òfin. Ìwé òfin 1979 àti ti 1999 ka ẹ̀kọ́ mọ́ ohun tí ìjọba yóò máa lépa, wọn kò sì gbà kí ilé ẹjọ́ gbọ́ ẹjọ́ lórí rẹ̀.

Òfin àti ilé ẹjọ́
Òfin UBE ti 2004 ka àwọn aláàbọ̀ ara mọ́ àwọn tí ẹ̀kọ́ wà fún, ó sì la ìyà kalẹ̀ fún òbí tí kò bá rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Kò yan ìgbìmọ̀ kankan tí yóò gbọ́ tẹnu òbí tó fẹ́ kí ọmọ lọ ṣùgbọ́n tí ilé-ìwé kọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta 2017, Adájọ́ John Tsoho dá ẹjọ́ LEDAP ní Abuja pé, nítorí òfin yìí, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti di ẹ̀tọ́ tí a lè torí rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́. Òfin Anambra ti 2018 àti ti ìjọba àpapọ̀ ti 2019 tún fi ẹsẹ̀ ẹ̀tọ́ akàndá ẹ̀dá múlẹ̀; abala 18 ti èyí àpapọ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo ilé-ìwé ìjọba gbà wọ́n mọ́ra.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá díjú ni pé, nígbà tí Peter Obi jẹ́ gómìnà, ìjọba dá ọ̀pọ̀ ilé-ìwé padà fún àwọn ìjọ. Ṣé ilé-ìwé ìjọba ni irú wọn lójú òfin, àbí ti ìjọ? Ìdáhùn sí èyí ni yóò sọ bóyá ẹlẹ́tọ̀ọ́ ni òbí, tàbí ó tún padà di ẹlẹ́bẹ̀.

Ìgúnlẹ̀
A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Bí òbí tilẹ̀ jàre, iwájú olùkọ́ tó bá ṣẹjọ́ náà ni ọmọ yóò jókòó sí lọ́jọ́ kejì. Òfin Amẹ́ríkà ti 1975 fún òbí ní ìgbọ́ẹjọ́ aláìṣègbè. Ní 1997 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi dandan lé e pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pèsè ìlàjà. Àwa kò gbọdọ̀ dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlàjà ní ìjọba ìbílẹ̀, tí àwọn akàndá ẹ̀dá fúnra wọn wà nínú rẹ̀, ló lè dí àlàfo tó wà láàárín ẹ̀bẹ̀ àti ẹjọ́.