Pápá Gọ́ọ̀fù Kékeré ní Ìrókò: Ta Ni Koríko Yẹn Máa Bọ́?

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló gbé wa dé lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ eré la máa fi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mẹ́ta nínú wa lọ sí Ìrókò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Ẹni tó bá gba ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ mọ ibẹ̀: ẹ ó kọjá Mọ́níyà, ẹ ó kọjá Akínyẹlé, kẹ́ ẹ tó dé Ìrókò, Fìdítì ló kù níwájú. Orúkọ àwọn oko àtijọ́ la lọ gbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ọ̀kan nínú wa. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, bàbá àgbà tó gbà wá sílé bi wá ní ìbéèrè tí a ò retí.

Ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ẹ gbà mí o. Wọ́n ní ẹnì kan ń wá ilẹ̀ ládùúgbò wa, ó fẹ́ fi ṣe pápá gọ́ọ̀fù kékeré. Ó ní òun ò ní gé gbogbo igi, òun ò ní da oògùn sílẹ̀, pé ti òun ò ní ba ilẹ̀ jẹ́. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni koríko yẹn máa bọ́?"

A wo ara wa lójú. A lè tú oríkì, a lè sọ̀rọ̀ lórí àrànmọ́ fáwẹ́lì títí ilẹ̀ ó fi ṣú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè dá Bàbá lóhùn nínú wa. A ní kí wọ́n fún wa láyè ká lọ wádìí. Ohun tí a rí nìyí.

Níbi tí eré náà ti ṣẹ̀ wá

Ilẹ̀ Scotland ni gọ́ọ̀fù tí a mọ̀ lónìí ti dàgbà. Ní 1457, ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọba James Kejì fòfin dè é, torí pé ó ń gba àkókò tó yẹ kí àwọn ọkùnrin fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ọfà fún ogun. Ẹ rí i pé ìbéèrè Bàbá kì í ṣe tuntun: ó ti lé ní ọdún 550 tí àwọn èèyàn ti ń bi eré yìí pé, "Kí ni ìwúlò rẹ?"

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo irú ilẹ̀ tí wọ́n ń lò. Etí òkun ni, ilẹ̀ oníyanrìn tí irè oko kì í fẹ́ ṣe dáadáa lórí rẹ̀. Àgùntàn àti ehoro ló ń jẹ koríko ibẹ̀ mọ́lẹ̀, òjò ló ń bomi rin ín. Kò sí ẹni tó wó òkè tàbí tó dí odò. St Andrews, ìlú tí wọ́n ti fi ihò 18 lélẹ̀ ní 1764, gba ojú ilẹ̀ bó ṣe bá a ni. Pápá tí kò ba ilẹ̀ jẹ́ kì í ṣe àrà tuntun nígbà náà. Bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ìgbà tó di eré olówó káàkiri ayé ni nǹkan yí padà. Wọ́n gbé e lọ sí ibi tí òjò kò tó, wọ́n fi ẹ̀rọ fọ́n omi, wọ́n da ajílẹ̀ òyìnbó àti oògùn apakòkòrò sí i kí koríko lè tutù minimini látọdún dé ọdún. Nígbà tó yá, ara fu àwọn fúnra wọn. Ní 1991, Audubon International bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Amẹ́ríkà tó ń ran àwọn pápá gọ́ọ̀fù lọ́wọ́ láti dín omi àti oògùn kù, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹyẹ àti ẹranko. Ibi tí ọkùnrin tó ń wá ilẹ̀ ní Ìrókò ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ohun kan pa wá lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Koríko tó lókìkí lórí irú pápá bẹ́ẹ̀, Tifway, ìlú Tifton ní ìpínlẹ̀ Georgia ni wọ́n ti gbé e jáde ní 1960. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ méjèèjì, gúúsù Áfíríkà ló ti wá. Èkejì sì ni koríko Bermuda, tí àwọn àgbẹ̀ wa ń fi ọkọ́ tu dànù lóko lójoojúmọ́.

Yanrìn àti epo

Àwọn òyìnbó amúnisìn ló gbé gọ́ọ̀fù wá sí Nàìjíríà, fún ara wọn. Ní 1938 ni wọ́n dá European Club sílẹ̀ ní Ìkòyí, òun ló di Ikoyi Club tí a mọ̀ lónìí. Ọmọ ìbílẹ̀ tó bá dé orí irú pápá bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ọ̀pá òyìnbó ló ń bá a gbé.

Ọ̀gbẹlẹ̀ dá wọn lágara. Ojú ihò, níbi tí bọ́ọ̀lù ti gbọ́dọ̀ yí gẹ́rẹ́, ló máa ń fẹ́ omi àti ìtọ́jú jù. Nígbà tí wọn ò lè jẹ́ kó tutù, wọ́n ro yanrìn pọ̀ mọ́ epo, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n sì ń fi nǹkan wọ́ ọ kó lè dán. Torí àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní bráùn. Orí bráùn ni Sandy Lyle ti gba Nigerian Open ní 1978, ìdíje àkọ́kọ́ tó gbà lẹ́yìn tó sọ gọ́ọ̀fù di iṣẹ́. Ẹni yìí kan náà ló gba Open ti Gẹ̀ẹ́sì ní 1985 àti Masters ní 1988.

Tí a bá wo ti omi nìkan, bráùn dára: kò mu omi. Ṣùgbọ́n epo tí wọ́n ń dà sílẹ̀ lọ́dọọdún kì í dúró sójú kan. Òjò á gbé e wọ ilẹ̀, ilẹ̀ á gbé e lọ bá kànga. Ohun tó gba omi là lọ́wọ́ kan lè ba omi jẹ́ lọ́wọ́ kejì. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ níbí ni pé kí a má kàn béèrè pé, "Ṣé kì í ba ilẹ̀ jẹ́?" Ká béèrè pé, "Kí ni yóò máa wọlẹ̀, ibo ló sì ń lọ?"

Èyí tó wà nítòsí

A ò nílò láti lọ jìnnà kí a tó rí pápá gọ́ọ̀fù, oko àti igbó nínú ọgbà kan ṣoṣo. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé yìí kan náà, láàárín Òjòó sí Mọ́níyà, ni IITA wà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 pẹ̀lú owó Ford Foundation àti Rockefeller Foundation. Ìjọba Nàìjíríà fún wọn ní hẹ́kítà 1,000. Wọ́n ní adágún odò tí wọ́n dí, wọ́n ní pápá gọ́ọ̀fù oníhò 9, wọ́n sì ní igbó tó tó hẹ́kítà 350.

Igbó yẹn ló yà wá lẹ́nu jù. Kí IITA tó débẹ̀, oko ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ náà, àti ilẹ̀ tí àgbẹ̀ fi sílẹ̀ kó sinmi. Àwọn tó ń dáko níbẹ̀ kó kúrò. Igi bẹ̀rẹ̀ sí í hù, kò sì sẹ́ni tó gé e. Lónìí, nígbà tí igbó ti tán káàkiri Ìbàdàn, ọ̀kan nínú ibi díẹ̀ tó kù fún ẹyẹ kan tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa nìyẹn: Ibadan malimbe, ọmọ ìyá ẹ̀gà. J. H. Elgood, olùkọ́ ní University College Ìbàdàn, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní 1958. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló ń gbé ní gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n ká má parọ́ fúnra wa. Kì í ṣe gọ́ọ̀fù ló gba igbó náà là. Ìpinnu pé ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án ló gbà á là, àwọn tó sì san owó ìpinnu náà ni àwọn àgbẹ̀ tó gbé ọkọ́ àti àdá wọn tí wọ́n lọ. Bí a bá ń yin ẹyẹ, ká rántí wọn.

Ìṣirò díẹ̀

Bàbá fẹ́ràn ìṣirò, torí náà a ṣe é. Pápá oníhò 9 tí ihò rẹ̀ jìnnà síra dáadáa lè gba hẹ́kítà 25, ìyẹn nǹkan bí éékà 62. Èyí tí wọ́n fún pọ̀, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá lè gbá bọ́ọ̀lù dé ojú ihò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lè wọ inú hẹ́kítà 10, éékà 25. Bí a bá ka éékà kan sí pulọ́ọ̀tì 6, pulọ́ọ̀tì 150 nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹ̀gẹ́ ni wọ́n gbìn síbẹ̀, àgbẹ̀ á kó ju tọ́ọ̀nù 60 lọ.

Omi ńkọ́? Bí a bá fẹ́ kí gbogbo hẹ́kítà 10 tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a sì ń fún un ní omi tó ga tó mìlímítà 5 lójúmọ́, lítà 500,000 ni, àádọ́ta ọkọ̀ agbomi onílítà 10,000, lójoojúmọ́. Kò sí kànga Ìrókò tó lè gbà á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ojú ihò nìkan, tí gbogbo rẹ̀ kò ju ìdajì hẹ́kítà lọ, lítà 25,000 ni. Ní ọjọ́ 120 ẹ̀ẹ̀rùn, ó jẹ́ mílíọ̀nù 3 lítà. Òjò tó ń rọ̀ ládùúgbò Ìbàdàn lọ́dún lé ní mìlímítà 1,200. Èyí tó ń bọ́ sórí hẹ́kítà kan ṣoṣo jẹ́ mílíọ̀nù 12 lítà. Bí wọ́n bá gbẹ́ adágún sí ìsàlẹ̀ pápá, tí wọ́n fi gba àgbàrá láti Oṣù Kẹrin dé Oṣù Kẹwàá, omi á tó, kódà lẹ́yìn èyí tí oòrùn fà àti èyí tí ilẹ̀ mu. Ìyókù pápá, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ, kó pọ́n bí ilẹ̀ ṣe ń pọ́n nígbà ọyẹ́. Kí ewúrẹ́ àti àgùntàn jẹ ẹ̀bá rẹ̀ bíi ti St Andrews.

Torí náà, ó ṣeé ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ta ló máa ṣọ́ ọ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é.

Èèwọ̀ àti géètì

Yorùbá kì í ṣe ẹ̀yà tí kò mọ bí a ṣe ń fi ilẹ̀ sílẹ̀. Igbó orò wà, igbó ọba wà. Igbó Òṣun ní Òṣogbo, hẹ́kítà 75, kò sẹ́ni tó ń gbin iṣu síbẹ̀, ebi ò sì torí ẹ̀ pa Òṣogbo. Ní 2005, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àjogúnbá gbogbo ayé. Ohun tó ń ṣọ́ igbó wọ̀nyí ni èèwọ̀, gbogbo ìlú ló sì ni èèwọ̀. Ohun tó ń ṣọ́ pápá gọ́ọ̀fù ni géètì, ẹnì kan ló sì ni géètì.

Òfin ilẹ̀ náà wà níbẹ̀. Láti 1978 tí ìjọba ti ṣe Òfin Ìlò Ilẹ̀, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, fún gbogbo ará ìlú. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, owó igi, irè oko àti ilé tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n ń san, kì í ṣe owó ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò gbin igi tó pẹ́ tí kò sì kọ́lé lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan gbà.

Síbẹ̀, oko nìkan kọ́ ló ń bá gọ́ọ̀fù du ilẹ̀ yìí. Láti 2021 tí ọkọ̀ ojú irin ti ń ti Èkó dé Mọ́níyà, àwọn oní-pulọ́ọ̀tì ti ń bọ̀ lọ́nà wa. Ilẹ̀ tí kò di pápá lè di sìmẹ́ńtì lọ́dún márùn-ún sí i. Koríko lè padà di oko. Ilé kì í padà di oko.

Èsì tí a fún Bàbá

A padà lọ, a sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. A sọ fún Bàbá pé àwa ò lè sọ pé kí wọ́n gbà tàbí kí wọ́n kọ̀, torí kì í ṣe ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n a ní kí wọ́n béèrè ohun márùn-ún lọ́wọ́ ọkùnrin náà, kí gbogbo rẹ̀ sì wà nínú ìwé: kó yá ilẹ̀ náà lò fún iye ọdún kan, kó má rà á, kó má ju hẹ́kítà 10 lọ, kó gba omi òjò, kó má fi ẹ̀rọ fa ti inú ilẹ̀ dé ibi tí kànga aládùúgbò á fi gbẹ, kó má lo epo lójú ihò, kí ọ̀nà oko tó gba ibẹ̀ kọjá sì wà ní ṣíṣí fún ará ìlú títí ayé.

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní: "Bó bá gbà kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kó wá jókòó. Bí kò bá gbà, kó máa gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ níbòmíràn." Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi kún un pé, "Ẹ ò tíì sọ ẹni tí koríko yẹn máa bọ́ o." Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni: a ò tíì sọ ọ́. Ewúrẹ́, bóyá, àti ọmọ tó bá ríṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ará Ìrókò fúnra wọn ló máa sọ bóyá ìyẹn tó.

Ẹ̀bẹ̀ kan la fẹ́ fi kásẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá àgbà yín dáko níbi tí IITA wà kí 1967 tó dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé fóònù yín jáde, kẹ́ ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Orúkọ oko wọn, orúkọ odò wọn, ohun tí wọ́n gbìn, ọjọ́ tí wọ́n kó. Àwọn onímọ̀ ti ka ẹyẹ tó wà nínú igbó yẹn. Àwa ọmọ Yorùbá la máa ka àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí àgbà tó mọ̀ ọ́n tó tán.