Òṣùwọ̀n Ta Ni A Ó Gbà?

Ẹni tí ó lọ ra gàrí lọ́jà kì í kẹ̀yìn sí kóńgò. Kì í ṣe pé ó pe ìyá onígàrí ní olè. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí ojú ẹni kò tó, ọkàn ẹni kì í balẹ̀ sí i. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a fi ojú yìí wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ létí òkun Louisiana, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 2010.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún náà, Deepwater Horizon, ẹ̀rọ ńlá tí ń bá ilé-iṣẹ́ BP wa epo lójú òkun, gbiná. Ènìyàn 11 kú, epo sì ń tú jáde nísàlẹ̀ òkun fún ọjọ́ 87. Agba epo mélòó ní ń tú lóòjọ́? Wọ́n kọ́kọ́ ní 1,000. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ní 5,000. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tí ìjọba yàn ṣírò rẹ̀ dáadáa, wọ́n ní ó tó 62,000 ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ìjọba ti pàṣẹ pé kí ọkọ̀ òfuurufú tí kò gba ìyọ̀ǹda má ṣe fò lókè ibẹ̀ ní ìwọ̀n tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 3,000. Ni àwọn ará etíkun àti àwọn tí ó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ bá so kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú mọ́ bálúùnù, wọ́n di okùn rẹ̀ mú, wọ́n rán an sókè. Àwòrán tí wọ́n yà ju 100,000 lọ.

Inú iṣẹ́ yìí ni ẹgbẹ́ Public Lab ti jáde. Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí omi. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ kékeré kan, Riffle, tí ń gba ẹnu ìgò oníke wọlé. Ó ń wọn bí omi ti gbóná tó, àti bí iná mànàmáná ti ń gba inú rẹ̀ kọjá sí. Èyí ni a fi ń mọ̀ bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú odò. Wọn kò fi ọgbọ́n rẹ̀ pamọ́: ẹnikẹ́ni lè wo àpẹẹrẹ rẹ̀, kí ó ṣe tirẹ̀, kí ó sì tún un ṣe.

Àwọn kan lè wí pé ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú lè ṣì wá lọ́nà. Òótọ́ ni, nítorí náà ni a ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi í wé èyí tí ó péye. Ṣùgbọ́n 1,000 yẹn kò ti ọwọ́ apẹja wá. Àṣìṣe tí gbogbo ojú rí ni a ń tètè tún ṣe. Kí onímọ̀ máa wọ̀n, ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò mu omi náà dúró ti kóńgò.