Ìlà Orí Ilé: Ìtàn Fọ́tò Ìlú àti Àtúnṣe Rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ìlà orí ilé, nínú àròkọ yìí, ni ibi tí òrùlé, ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ṣóńṣó mọ́ṣáláṣí àti òpó máàsì ìlú kan ti pààlà pẹ̀lú ojú ọ̀run, tí ẹni tí ó ń bọ̀ láti òkèèrè fi ń dá ìlú náà mọ̀ kí ó tó wọ inú rẹ̀. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò ṣe é yà láìsí àyè gbalasa níwájú ìlú, ọ̀sà ni ó sì fún Èkó ní àyè yìí, nítorí pé ẹni tí ó bá wà nínú ọkọ̀ ojú omi lè rí Marina ní gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìjẹ̀bú-Òde kò ní ọ̀sà níwájú, kò sì ní òkè bí Olúmọ tàbí Màpó tí onífọ́tò lè gùn. Orí ilẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, láàárín igbó, ni ó wà, ohun tí ó sì fi títóbi ilẹ̀ Ìjẹ̀bú han àlejò láyé àtijọ́ kì í ṣe ilé gíga bí kò ṣe yàrà. Duarte Pacheco Pereira, ará Potogí tí ó kọ̀wé nípa etíkun Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, dárúkọ ìlú ńlá kan tí ó pè ní Geebu, yàrà ńlá tí ó yí i ká sì wà lára ìwọ̀nba ohun tí ó rí sọ nípa rẹ̀.

Kámẹ́rà pẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Ní 1839 ni wọ́n kéde iṣẹ́ fọ́tò ní Paris, kí ọ̀rúndún náà sì tó parí, ọmọ Èkó ti ń fi í jẹun. George Da Costa, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1853, fi iṣẹ́ alábòójútó ilé ìtàwé CMS sílẹ̀ ní 1895, ó sọ fọ́tò yíyà di iṣẹ́ òòjọ́, àwòrán rẹ̀ sì wà nínú ìwé ńlá tí Allister Macmillan gbé jáde nípa Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1920. Àwọn Ìjẹ̀bú ní tiwọn ti ilẹ̀kùn mọ́ òyìnbó àti oníwàásù, nítorí pé àwọn ni alárinà òwò láàárín etí ọ̀sà àti àwọn ìlú òkè, wọn kò sì rí ìdí tí wọn yóò fi júwe ọ̀nà ọjà wọn fún ẹlòmíràn. Ìgbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì borí wọn ní Ìmágbọ́n ní oṣù Karùn-ún 1892, nígbà ayé Awùjalẹ̀ Túnwàṣe, ni ọ̀nà tó là. Owó òwò tí ó tẹ̀lé e gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dìde, irú èyí tí Balógun Kúkù kọ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọlọ́runṣògo, páànù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ewé gbòdògì lórí ilé. Ìlú ti wá ní orí ilé tí ó ṣe é yà, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà kọ.

Ìlànà tí àwọn onífọ́tò Yorùbá fi ń ya ènìyàn kò fara sin. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ onífọ́tò, wo iṣẹ́ wọn dáadáa ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1975, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní 1978. Àgbàlagbà tí ó wá ya fọ́tò yóò jókòó gbọnyin, yóò kọjú sí kámẹ́rà gan-an, yóò gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, agbádá tàbí ìró rẹ̀ yóò sì tẹ́ lọ tí yóò bo àga; gbogbo ara ni onífọ́tò yóò yà, láti orí fìlà tàbí gèlè dé ẹsẹ̀, nítorí pé ipò ẹni náà láwùjọ ni àwòrán náà wá sọ. Bí ó bá yà á tán, iṣẹ́ ṣì kù nínú yàrá òkùnkùn, ìyẹn dákúrúùmù, níbi tí wọ́n ti ń fọ fíìmù. Lára nẹ́gátíìfù, fíìmù tí funfun ti di dúdú tí dúdú sì ti di funfun, ni wọ́n ti ń fi pẹ́ńsùlù ṣóńṣó dí ojú àpá àti ìlà iwájú orí, tí ojú oníbàárà fi ń jọ̀lọ̀ nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà.

Àtúnṣe tí ó jinlẹ̀ jù lọ láyé ìgbà náà ni ti ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífọ́tò a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ nẹ́gátíìfù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan náà, tí Táíwò àti Kẹ́hìndé yóò fi jókòó ti ara wọn. Bí èyí tí ó lọ bá jẹ́ obìnrin tí èyí tí ó kù sì jẹ́ ọkùnrin, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà yà á, wọn a sì tún wọ ti obìnrin fún un yà á. Ibi tí àwòrán méjèèjì ti pàdé láàárín ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà, nítorí pé bí ìlà bá hàn níbẹ̀, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè pe èyí ní irọ́, nítorí pé gbogbo ará ilé ni ó mọ ọmọ tí ó ti lọ. Ohun tí wọ́n sanwó fún ni kí wọ́n rí i ní ìjókòó rẹ̀.

Álímánáàkì tí ẹgbẹ́ àti ìlú máa ń tẹ̀ ní ìparí ọdún, tí ó máa ń wà lára ògiri pálọ̀ láti ọdún dé ọdún, fi àlọ́pọ̀ àwòrán hàn ní gbangba. Orí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gé yípo láti inú fọ́tò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọn a tò wọ́n ní ìpele ìpele bí oyè wọn ti tó, wọn a sì gbé àwòrán ààfin, gbọ̀ngàn ìlú tàbí ilé ìjọsìn sí òkè tàbí sí àárín. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ rí ilé ìlú wọn ní ipò ọlá, láàárín orí àwọn tí ó ni ín.

Lẹ́yìn òmìnira, àwọn onífọ́tò bíi J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ó bẹ̀rẹ̀ bí olùrànlọ́wọ́ nínú dákúrúùmù ní Ìbàdàn ní 1954, ya àwọn ilé tuntun Èkó pẹ̀lú ìṣọ́ra tí ó fi ya irun dídì àwọn obìnrin. Ìbàdàn ní Ilé Kòkó, alájà 26, ní 1965. Ìjẹ̀bú-Òde kò ní irú rẹ̀, àìní yìí kò sì dín ìlú náà kù.

Lóde òní, onífọ́tò tí ó bá fẹ́ ya ìlà orí ilé Ìjẹ̀bú-Òde a máa gun òrùlé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tàbí kí ó gbé dróònù fò, ẹ̀rọ kékeré tí ó ń gbé kámẹ́rà lọ sókè. Lórí kọ̀ǹpútà ni ó ti ń ṣe ìyókù. Òpó tí ó dà bí ẹni pé ó ń ṣubú sẹ́yìn, nítorí pé wọ́n kọ kámẹ́rà sókè nígbà tí wọ́n ń yà á, ni yóò kọ́kọ́ nà ró ṣánṣán. Yóò pa fọ́tò mẹ́ta pọ̀, èyí tí ó mọ́lẹ̀ jù, èyí tí ó ṣókùnkùn jù àti èyí tí ó wà láàárín, kí àwọ̀sánmà àti òjìji abẹ́ òrùlé lè hàn papọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, yóò ká eruku kúrò lójú àwòrán náà. Ẹni tí ó bá mọ fọ́tò àgbàlagbà tí ó jókòó gbọnyin yóò rí i pé ìlànà kan náà ni: ìlú ti múra, ó kọjú síwájú, kò sì gbọdọ̀ tẹ̀.

Ojú ọ̀run ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba máa ń wáyé, nígbà tí àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí so pọ̀, àti àwọn ìdílé Balógun tí ń gun ẹṣin máa ń lọ kí Awùjalẹ̀. Òṣùpá ni ó ń darí Iléyá, nítorí náà ọjọ́ rẹ̀ ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 sún sẹ́yìn lọ́dọọdún, ó sì ń gba nǹkan bí ọdún 33 kí ó tó yí gbogbo ìgbà ọdún ká. Ní 2006, ẹ̀ẹ̀mejì ni Iléyá wáyé, ní oṣù Kìíní àti ní oṣù Kejìlá, nínú ẹ̀ẹ̀rùn méjèèjì. Ní 2024, oṣù Kẹfà ni, nígbà òjò. Ọ̀run ràkọ̀ràkọ̀ tí ó kún fún eruku lẹ́yìn ẹlẹ́ṣin kan, tàbí kùrukùru tí ó ṣú lórí páànù, lè ran òpìtàn lọ́wọ́ láti mọ àwọn ọdún tí wọ́n lè ti ya fọ́tò tí kò ní ọjọ́ lẹ́yìn. Láti oṣù Kẹwàá 2020 ni ètò Photoshop ti ní ohun èlò tí ń fi ọ̀run mìíràn rọ́pò tàwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá, àwọn ọ̀run aláwọ̀ osùn tí ó sì wá pẹ̀lú rẹ̀ ti ń hàn lórí ìlú púpọ̀ tí kò rí irú wọn rí. Àtúnṣe ti ìbejì dá ohun tí ilé mọ̀ padà sí àyè rẹ̀. Ti ọ̀run yìí pa ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò ní lè rántí rẹ́. Ó dára pé fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin, tí ó gba gbogbo ayé kan lẹ́yìn Ojúde Ọba 2024, kò gbára lé ọ̀run kankan: ẹni tí ó rí i rántí sìgá, agbádá àti ìjókòó rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó béèrè irú ilé tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí ó tóbi jù tí ọwọ́ ènìyàn ṣe nílẹ̀ Ìjẹ̀bú kò sì sí lókè rárá. Erédò Súngbọ́, yàrà àti ògiri erùpẹ̀ tí ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 160, tí Patrick Darling wọ̀n ní àwọn ọdún 1990, tí ìtàn sì so mọ́ Bílíkísù Súngbọ́ tí ibojì rẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rí, ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí ògiri ní ibòmíràn. Láti òkè, dróònù kò rí ju orí igi lọ. Láti inú kòtò, kámẹ́rà rí ògiri tútù méjì tí ewéko bò, tí kò sọ bí ó ti ga tó. Onífọ́tò tí ó bá fẹ́ kí gíga náà hàn nínú àwòrán rẹ̀ yóò ní kí ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ lọ dúró sí ìsàlẹ̀, kí ó kọjú sí kámẹ́rà.