Ibi Tí Ẹ̀mí Àgbọ̀nrín Wà: Àlàyé fún Àwọn Ọdẹ

Àgbọ̀nrín, èyí tí àwọn ibòmíràn ń pè ní ìgalà, kì í tètè kú bí ọta bá bà á níbi tí kò yẹ. Bí ọta bá wọ ikùn rẹ̀, ó lè sá jìnnà wọ inú igbó, kí ó sì jẹ̀rora fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó tó kú síbi tí igún nìkan yóò ti rí i. Ẹran jìyà, ọdẹ pàdánù. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣàlàyé bí inú ẹran yìí ṣe rí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọkàn wà ní àárín ara. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ àyà ni ó wà, láàrin ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, ní ọ̀gangan ìgúnpá. Ẹ̀dọ̀fóró ni ó yí i ká, tí ó sì gba ibi tí ó pọ̀ jù lọ nínú egungun ìhà. Awọ kan pààlà láàrin àyà àti ikùn. Ẹ̀dọ̀ ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, àpòlúkù àti ìfun sì tẹ̀lé e. Àpòlúkù náà tóbi, nítorí pé ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ ni àgbọ̀nrín. Òun ni ẹni tí ó bá dójú ìbọn lé àárín ara yóò bà.

Nígbà tí ẹran bá fi ẹ̀gbẹ́ kọjú sí ọdẹ, kí ọdẹ fi ojú tọ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú lọ sókè. Bí ó bá fi ojú inú pín gíga ara, láti ìsàlẹ̀ àyà dé ẹ̀yìn, sí ọ̀nà mẹ́ta, ibi tí ìdá kìn-ín-ní láti ìsàlẹ̀ parí sí ni kí ó dójú lé. Ọta tí ó bá gba ibẹ̀ yóò la ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì kọjá. Bí ó bá rẹlẹ̀ díẹ̀, ọkàn ni yóò bà. A mọ̀ pé àwọn àgbà ọdẹ kan fẹ́ràn láti yin orí. A kò gbà á níyànjú. Orí kì í dúró sójú kan, ọpọlọ inú rẹ̀ sì kéré. Àṣìṣe díẹ̀ lè fọ́ àgbọ̀n ẹran náà, kí ó sá lọ, kí ebi sì pa á kú.

Ẹran tí ó kẹ̀yìn tàbí tí ó kọjú sí ọdẹ gan-an, kí a dúró dè é títí yóò fi yí padà. Ọlọ́ta wẹ́wẹ́ ni ìbọn ọ̀pọ̀ ọdẹ wa. Bí ẹran bá jìnnà ju nǹkan bí 30 mítà lọ, ọta náà á fọ́nká, agbára wọn á sì dínkù.

Òru ni ìṣòro pọ̀ jù. Ojú méjì tí ń dán nínú iná kò fi ibi tí àyà wà hàn, kò sọ bóyá àgbọ̀nrín ni tàbí ewúrẹ́ aládùúgbò, kò sì fi ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn. Kí ọdẹ má ṣe yìnbọn títí yóò fi rí èjìká àti ẹsẹ̀ iwájú kedere. Kí ó wo ìwo pẹ̀lú, nítorí abo kì í ní in. Abo a máa fi ọmọ pamọ́ sínú igbó dídí nígbà tí ó bá lọ jẹko, nítorí náà abo tí ó dá wà lè jẹ́ ìyá ọlọ́mọ. Ní ti inú Old Oyo National Park, òfin kò gba ọdẹ láàyè rárá.

Lẹ́yìn tí ìbọn bá dún, kí ọdẹ sàmì sí ibi tí ẹran dúró sí, kí ó sì dúró fún ìdajì wákàtí, ó kéré tán. Ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó ń hó fi hàn pé ẹ̀dọ̀fóró ni ọta bà. Ẹran náà kò ní jìnnà. Ẹ̀jẹ̀ dúdú lè jẹ́ ti ẹ̀dọ̀. Bí ó bá lú mọ́ koríko tútù tí ń rùn, ikùn ni. Kí a fún un ní wákàtí mélòó kan, nítorí bí a bá lé e ní kíákíá, yóò tún dìde sá. Kí a sì ṣọ́ra fún akọ tí ó fara gbọta: ó lè fi ìwo kọlu ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn.