Ìlú Mẹ́ta Nítorí Ilé-Ẹ̀kọ́ Kan

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, òbí kì í kọ ìyà nítorí ẹ̀kọ́ ọmọ. Ẹ wo Hydaburg, ìlú àwọn Haida ní erékùṣù Prince of Wales, ní Alaska lọ́hùn-ún. Ní 1911, àwọn ará Howkan, Klinkwan àti Sukkwan kó kúrò nílé, wọ́n para pọ̀ tẹ ìlú yìí dó, kí àwọn ọmọ wọn lè rí ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Òpó gbígbẹ́ ìdílé wọn dúró sẹ́yìn.

Kí wá ni wọ́n bá níbẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì! Sheldon Jackson, tó di alábòójútó ẹ̀kọ́ ní Alaska ní 1885, ti fi ìlànà lélẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ. Ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní kíláàsì, ìyà ni.

Ní 2014, Alaska fi Haida kún àwọn èdè ìjọba rẹ̀. Ó dáa o, àmọ́ àwọn tó gbọ́ ọ yékéyéké ò ju ìwọ̀nba lọ mọ́.

Wọ́n máa ń bi èmi tí mò ń ka Yorùbá pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Hydaburg ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Ẹ̀kọ́ làwọn òbí yẹn wá lọ. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni gba èdè lẹ́nu ọmọ wọn.