Ọkùnrin Tó Lọ sí Jerúsálẹ́mù Tó sì Padà sílé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi kan tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí kò tíì dé Nàìjíríà rí, pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èèyàn lè pe ibi tí kò dé rí ní ilé?" Mo ní kó fún mi láyè kí n rò ó. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìtàn ti bà mí jẹ́. Mi ò lè dáhùn ìbéèrè láìkọ́kọ́ sọ ìtàn. Moses Montefiore ló wá sí mi lọ́kàn, torí pé Lọ́ńdọ̀nù yẹn náà lòun náà dàgbà sí.

Ó ti pẹ́ tí àwọn Júù ti ń bá irú ìbéèrè yìí yí. Láyé ìgbà tí Tẹ́ḿpìlì ṣì wà ní Jerúsálẹ́mù, òfin wọn ní kí àwọn ọkùnrin máa gòkè lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Àwọn ará Róòmù wó o lọ́dún 70. Àwọn Júù kan kò fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ rárá, àmọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ fọ́n káàkiri ayé. Jerúsálẹ́mù ni wọ́n ń kọjú sí bí wọ́n bá ń gbàdúrà. Tí wọ́n bá sì jẹun alẹ́ Àjọ Ìrékọjá tán, wọ́n á gbàdúrà pé kí ti ọdún tó ń bọ̀ bá àwọn níbẹ̀. Ẹni tó débẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹnu ni wọ́n fi ń lọ.

Ìlú Livorno ní Ítálì ni wọ́n bí Montefiore sí lọ́dún 1784. Nígbà tó dàgbà, ó wà lára àwọn Júù méjìlá péré tí wọ́n gbà láyè láti ṣe alágbàtà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó rí owó ṣe. Júù ni lóòótọ́, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́ òfin ẹ̀sìn. Lọ́dún 1827, òun àti Judith ìyàwó rẹ̀ wọkọ̀ ojú omi, wọ́n gba Málítà àti Íjíbítì kọjá. Judith ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé lójoojúmọ́. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, wọ́n wọ Jerúsálẹ́mù, tó wà lábẹ́ àwọn Tọ́kì nígbà náà. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n lò.

Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ kọ́ ló padà dé. Montefiore bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí sínágọ́gù ní Ọjọ́ Ìsinmi, ó tún ń lọ ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n ń ka Òfin. Nígbà tó yá, tó bá ń rìnrìn àjò, á mú apẹran tirẹ̀ dání kó má bàa jẹ ẹran tí òfin kò gbà. Lọ́dún 1833, ó ṣí sínágọ́gù kan nítòsí ilé rẹ̀ ní Ramsgate. Sára àmì ìdílé tí wọ́n fún un, ó ní kí wọ́n kọ "Jerúsálẹ́mù" ní èdè Hébérù.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò rèé: kò kó lọ síbẹ̀ o. Ó di Ṣẹ́rífù Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1837, Ọbabìnrin Victoria sì fi oyè Sà dá a lọ́lá. Ẹ̀ẹ̀meje ló dé ilẹ̀ yẹn. Ìkeje jẹ́ lọ́dún 1875, nígbà tó ti pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Gbogbo rẹ̀ náà ló ń padà sí England. Kì í sì í ṣe ìran ló lọ wò. Ilẹ̀ ríri ba ìlú Sáfẹ́dì jẹ́ lọ́dún 1837; ó débẹ̀ lọ́dún 1839, ó bá wọn pín owó. Ó tún wá ilẹ̀ tí àwọn Júù ibẹ̀ lè fi dáko, kí wọ́n yéé gbójú lé owó ìrànwọ́ láti òkèèrè, àmọ́ ìyẹn ò bọ́ sí i. Lọ́dún 1860, ó fi owó tí Judah Touro ará New Orleans fi sílẹ̀ parí ilé àwọn aláìní lẹ́yìn odi Jerúsálẹ́mù. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ń ba àwọn èèyàn láti sùn síbẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí adùn ìtàn bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ ṣá. Ilẹ̀ yẹn kò ṣófo. Àwọn Lárúbáwá, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ló pọ̀ jù níbẹ̀, ilé tiwọn náà sì ni. Láti 1999, ètò kan tí wọ́n ń pè ní Taglit ti ń mú àwọn ọ̀dọ́ Júù lọ sí Ísírẹ́lì fún bí ọjọ́ mẹ́wàá láìgba owó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń sọ pé àwọn padà tí òye ara àwọn yé àwọn sí i. Àwọn kan sì ń béèrè ìdí tí wọn ò fi mú àwọn dé ọ̀dọ̀ àwọn Pálẹ́sítínì. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ẹni tó wá ojú ilé baba rẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ rí ẹni tó bá níbẹ̀.

Montefiore kú lọ́dún 1885, lẹ́ni ọgọ́rùn-ún ọdún. Ramsgate ni wọ́n sin ín sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Judith, nínú ilé ibojì tí wọ́n kọ́ bíi ti Rákélì tó wà nítòsí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù.

Mo pe ọmọ náà padà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èèyàn lè pe ibi tí kò dé rí ní ilé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Montefiore ò bá má mọ ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n ilé ẹnu nìyẹn. Ojú ló ń sọ ọ́ di gbèsè, ọwọ́ ló sì ń san án, níbikíbi téèyàn bá ń gbé. Ó ní ìgbà wo ni kóun wá wò ó nígbà náà. Mo ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tóun náà ti wálé kẹ́yìn.